Síńkì fún alátọ̀gbẹ: ìkòkò ọbẹ̀, hóró ọmọdé, tàbí ìgò tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá?

Ọjọ́ kan ni mo ka ìgò tó wà lórí fìríìjì màmá mi. Ẹ yọ metformin (oògùn àtọ̀gbẹ wọn) àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún wọn kúrò, ìgò mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, dókítà kò sì mọ̀ nípa ẹyọ kan nínú wọn. Àbúrò wọn fi méjì ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ará ìjọ wọn kan ta ọ̀kan fún wọn, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn ra ìkẹrin nígbà tí òtútù mú wọn. "Fítámìnì lásán ni gbogbo ẹ̀," ni wọ́n wí fún mi.

Mo jókòó, mo ka ẹ̀yìn ìgò kọ̀ọ̀kan. Síńkì (zinc, èròjà kan tí ara nílò níwọ̀nba) wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 50 mílígíráàmù nínú ọ̀kan, 80 nínú èyí tó wà fún ojú, 15 nínú fítámìnì alápapọ̀, 10 nínú èyí tó ń hó nínú omi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 155 lójúmọ́. Mílígíráàmù 8 péré ni obìnrin tó ti dàgbà nílò lójúmọ́, ọkùnrin 11. Ààlà tí àwọn onímọ̀ ìjẹun ní Amẹ́ríkà sì fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni 40. Ti ilẹ̀ Yúróòpù tún lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, 25 ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ọ̀nà oríṣiríṣi tí síńkì ń gbà wọlé wa. Bí ẹ̀yin náà bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ní i, tí ẹ kò mọ èyí tí ẹ ó mú, ohun tí mo rí nìyí.

Kí ló kan síńkì kan ṣúgà?

Pancreas, ẹ̀yà ara tó sùn sẹ́yìn agbẹ̀du, ló ń ṣe insulin, ohun tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kó tó tú u sínú ẹ̀jẹ̀, á kọ́kọ́ dì í pamọ́. Insulin mẹ́fà-mẹ́fà ló ń dì pọ̀ bí ìtì igi, síńkì ni okùn tó so wọ́n. Ẹnu ọ̀nà kan tó ń jẹ́ ZnT8 ló ń gba síńkì náà wọ inú ibi tí wọ́n ti ń dì í. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1934, D. A. Scott ní Toronto fi hàn pé síńkì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí insulin di kírísítálì, nígbà tó sì di 1936, wọ́n ti ń fi síńkì àti protamine (irú purotéènì kan) sí insulin abẹ́rẹ́ kó lè pẹ́ lára.

Àwọn tó ń ta fítámìnì mọ ìtàn yìí dáadáa, òun ni wọ́n fi ń polówó: síńkì ló ń di insulin, síńkì á wo àtọ̀gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2014, àwọn olùwádìí gbé e jáde pé àwọn tí a bí pẹ̀lú ZnT8 tí ẹ̀dà rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ kì í sábà ní àtọ̀gbẹ irú kejì tó àwọn ẹlòmíràn. Ká ní bí síńkì bá ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ náà ni ṣúgà á ṣe máa sàn ni, òdìkejì ìyẹn ni wọn ì bá rí.

Èyí tó dájú ni pé alátọ̀gbẹ máa ń tọ síńkì dànù ju ẹlòmíràn lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru amúnitọ̀ bíi hydrochlorothiazide tún ń fi kún un. Nítorí náà ó lè dín lára wọn lóòótọ́: ọgbẹ́ kò ní tètè jinná, oúnjẹ kò ní dùn lẹ́nu mọ́, àìsàn kéékèèké á máa bá wọn ṣeré. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fún alátọ̀gbẹ ní síńkì rí i pé ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà kéré, èsì wọn kò sì dọ́gba. Ẹgbẹ́ American Diabetes Association kò gba alátọ̀gbẹ nímọ̀ràn láti máa lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nítorí ṣúgà bí kò bá sí èyí tó dín lára rẹ̀. Mo fara mọ́ wọn. Oúnjẹ ni síńkì, à ń fi dí àlàfo ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi rọ́pò metformin, ẹ yẹra fún un.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni iye síńkì gan-an tó wà níbẹ̀, torí iye tí wọ́n kọ síwájú ìgò lè tanni. Ìkejì ni iye tí ara rí gbà nínú rẹ̀. Ìkẹta ni owó, pàápàá owó tí a ó máa ná lóṣooṣù. Ìkẹrin, ṣé a lè gbẹ́kẹ̀ lé e pé ohun tí wọ́n kọ ló wà nínú rẹ̀? Ìkarùn-ún, tó kan alátọ̀gbẹ jù: kí ló tún bá síńkì náà wọlé, ṣúgà ni, iyọ̀ ni, àbí ohun tó máa bá oògùn wọn jà?

Ìkòkò ọbẹ̀

Ẹran pupa ló wà níwájú. Ẹran màlúù tí kò lọ́ràá, tó ti jinná, tó wọn 100 gíráàmù, ní bíi mílígíráàmù 5. Ìyẹn ti ju ìdajì ohun tí obìnrin nílò lóòjọ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ náà kò jìnnà sí i. Alákàn ní bíi 4. Itan adìẹ ní bíi 2, àyà rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹyin kan kò pé 1. Ẹja ló yà mí lẹ́nu: títù tí gbogbo wa gbára lé, tó dára fún ọkàn, síńkì inú rẹ̀ kò tó 1 nínú 100 gíráàmù. Ẹni tó bá ti fi ẹja rọ́pò ẹran pátápátá nítorí ọkàn rẹ̀ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kó wá síńkì sí ibòmíràn.

Ibòmíràn náà kò jìnnà. Hóró ẹlẹ́gẹ́dé ní bíi 7 nínú 100 gíráàmù, hóró watermelon ní bíi 10, ẹ̀gúsí tiwa sì jẹ́ ìbátan watermelon tímọ́tímọ́. Kajú ní bíi 5 tàbí 6, ẹ̀pà ní bíi 3. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ni 30 gíráàmù, nítorí náà mílígíráàmù 1 ni ẹ rí níbẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé ṣúgà sókè lọ títí, kì í sì í ṣe gbèsè.

Wàhálà àwọn hóró àti ẹ̀wà ni phytate, ohun kan tó máa ń di síńkì mú nínú ìfun tí ara kò fi ní rí i gbà tán. Láti ara rẹ̀ gan-an ni ayé fi mọ̀ pé síńkì lè dín lára ọmọ ènìyàn. Ní 1961, Ananda Prasad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan lágbègbè Shiraz ní Iran tí wọn kò ga, tí wọn kò sì bàlágà. Búrẹ́dì aláìwú ni wọ́n ń jẹ ṣáá, ẹran kò tó wọn, wọ́n sì ń jẹ amọ̀. Ní 1963, iṣẹ́ tó ṣe ní Íjíbítì fi hàn pé síńkì ló dín lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. (Ẹ̀yin aláboyún tí ẹ ń jẹ ẹfun, mo ń wò yín o.)

Àwọn ìyá wa ti mọ bí a ṣe ń ṣẹ́gun phytate kó tó di pé ẹnì kan sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀wà tí a rẹ sómi kó tó di mọ́ínmọ́ín, irú tí a fi sùn kó lè wú, ọkà bàbà tí a jẹ́ kó hù díẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí ń dín phytate kù. Ògì nìkan ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Kíkan tó kan dára, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sẹ́ ẹ, èèrí tí a ń dà fún ẹran ọ̀sìn gbé púpọ̀ nínú síńkì náà lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù sínú ife sì ń gbé ṣúgà alátọ̀gbẹ sókè kíákíá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ mu ògì nítorí síńkì, àwàdà ló ń bá yín ṣe.

Ní ti owó, ẹran ti di nǹkan ńlá, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a ó jẹ tẹ́lẹ̀ náà ni. A kò ra síńkì lọ́tọ̀. Ẹ̀gúsí díẹ̀ sí ẹ̀fọ́ rírò, ẹran méjì dípò mẹ́rin, ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á rí ohun tí wọ́n nílò níbẹ̀. Kò sí ayédèrú níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí síńkì inú ọbẹ̀ lásán pọ̀ jù fún. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu nìkan ló gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó fi ẹran àti hóró kún oúnjẹ.

Hóró 20 mílígíráàmù, ti ọmọdé

Èyí ni hóró tó ń yọ́ nínú omi, tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú omi ORS. Ní 2004 ni àjọ WHO àti UNICEF fọwọ́ sí i. Iye tí wọ́n sọ nígbà náà ni 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn, òun ló sì wọ́n níwọ̀nba jù nínú gbogbo oníhóró.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé òótọ́ ni nọ́ńbà rẹ̀: 20 tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ síńkì gan-an. Dókítà tó bá fẹ́ kí àgbàlagbà lo síńkì fún ìgbà díẹ̀ lè ní kí ẹ ra á. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 10, ó ṣe é gé. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí, ó tó. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fi adùn irin sílẹ̀ lẹ́nu, ó sì lè rìn yín nínú bí ẹ bá lò ó láìjẹun.

Síńkì olómi ti ọmọdé ńkọ́? Ṣúgà sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀. Alátọ̀gbẹ kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ìgò síńkì kan ṣoṣo

Ibí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú. Síńkì kì í dá wà nínú hóró. Ó ní ohun tí wọ́n so ó mọ́, ohun náà sì ní ìwúwo tirẹ̀. Nínú zinc gluconate, síńkì kò ju bíi ìdá 14 nínú 100 lọ. Nínú zinc sulphate, bíi 23. Nínú zinc oxide, 80. Nítorí náà, "zinc gluconate 50 mg" lè jẹ́ síńkì 7 péré lára ìgò kan, kó sì jẹ́ 50 gan-an lára òmíràn. Sulphate 220 tí àwọn kan ń rí tí wọ́n ń bẹ̀rù, 50 ni síńkì inú rẹ̀. Ẹ yí ìgò náà sẹ́yìn, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "elemental zinc" sí. Bí kò bá sí i níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ní ti wíwọ ara, gluconate àti citrate ń ṣe déédéé ara wọn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2014, ara gba bíi ìdá 61 nínú 100 lára méjèèjì, ó gba bíi 50 lára oxide. Picolinate ni wọ́n ń ta gọ́bọi, pé òun ni ọba. Èmi kò rí ìdí tí ẹ fi máa san owó ìlọ́po méjì nítorí orúkọ.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ gan-an ni ti iye. Ìgò 50 lójúmọ́, lóṣooṣù, lọ́dọọdún, ti kọjá ààlà kó tó di pé ẹ jẹ ẹran kankan. Bí síńkì bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń dènà bàbà (copper), kì í jẹ́ kí ara rí i gbà. Bí bàbà bá tán lára, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, iṣan ìmọ̀lára á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́: ẹsẹ̀ á máa kú, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹ wá wò ó. Ẹsẹ̀ kíkú ni ohun tí alátọ̀gbẹ máa ń sọ ní kílíníìkì lójoojúmọ́! Ṣúgà ni gbogbo ènìyàn á dì í rù. Metformin tí a lò pẹ́ náà lè dín fítámìnì B12 kù, òun náà ń fa ẹsẹ̀ kíkú. Ìdí mẹ́ta tó jọra báyìí, dókítà kò sì lè mọ ti síńkì láéláé bí ẹ kò bá gbé ìgò náà dání lọ hàn án. Nígbà tí mo ka èyí ni mo sáré kó ti màmá mi kúrò lórí fìríìjì.

Ó tún ń bá oògùn mìíràn jà. Ciprofloxacin, tí wọ́n ń kọ fún táífọ́ọ̀dù kiri, kì í wọ ara dáadáa bí síńkì bá wà nítòsí. Ẹ lo ciprofloxacin náà ní wákàtí méjì ṣáájú síńkì, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dolutegravir, oògùn HIV. Doxycycline àti tetracycline náà ń fẹ́ àyè. Oògùn irin fún ẹ̀jẹ̀ àti síńkì náà kì í fẹ́ jókòó pọ̀ bí inú bá ṣófo.

Fítámìnì alápapọ̀

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Síńkì inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 5 sí 15, bàbà sì máa ń bá a rìn nínú ọ̀pọ̀, èyí sì dára. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò pé, àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ti lọ tí kò lè jẹ ẹran mọ́, ibẹ̀ ni kó lọ. Kó jẹ́ oníhóró, kó má jẹ́ olómi aládùn, kó má sì jẹ́ onísúìtì tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bíi gọ́ọ̀mù.

Èyí tó ń hó nínú omi

Síńkì 10, fítámìnì C 1000, ó ń hó, ó ń rùn bí ọsàn. Síńkì ibẹ̀ kò burú. Ohun tó bá a wọlé ni mo ń wò. Iyọ̀ sodium máa ń pọ̀ nínú ohun tó ń hó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn. Ìkejì kan àwọn ará wa lókè òkun jù. Bí ẹ bá ń lo sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, bíi FreeStyle Libre, fítámìnì C tó ju 500 lọ lóòjọ́ lè mú kí àwọn kan nínú wọn ka ṣúgà ga ju bó ṣe wà lọ. Ẹni tó bá gún insulin lé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lórí, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Mo rò pé òun ni kò wúlò jù nínú gbogbo wọn fún alátọ̀gbẹ.

Hóró ojú

Síńkì 80 àti bàbà 2 ló wà nínú irú èyí tó tẹ̀ lé ìwádìí AREDS ti 2001. Àìsàn ojú àgbà tó ń ba àárín ìríran jẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, nígbà tó bá ti dé ìpele kan. Ojú tí ṣúgà ń bà jẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Èyí ni àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń fi ìfẹ́ ránṣẹ́ jù, torí wọ́n rí "eye" lára ìgò, wọ́n sì rántí pé ojú màmá ń ṣú. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n kó jẹ́ dókítà ojú ló sọ ọ́.

Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò ní yanjú ẹ̀?

Díẹ̀ ló lè yanjú. Síńkì tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 1000 gbogbo èyí tó wà lára lọ, ibà tàbí egbò tó ń wú sì lè mú un wálẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe é, ẹ ṣe é láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì sọ fún un bí ara yín kò bá yá lọ́sẹ̀ náà. Owó rẹ̀ lè ju ti oúnjẹ síńkì oṣù kan lọ. Èmi kò ní sáré ṣe é fún ẹni tó ń jẹun dáadáa.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ wà níbi tí dókítà fẹ́, tó ń rí ẹran, ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀wà jẹ, kó dúró sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Kò nílò ìgò kankan.

Àgbàlagbà tí kò lè jẹ ẹran, tàbí ẹni tí kì í jẹ ẹ́ rárá: fítámìnì alápapọ̀ oníhóró kan lójúmọ́, tó ní bàbà nínú, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí.

Ẹni tó ní egbò ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná, tàbí tí oògùn amúnitọ̀ ti ń mú un tọ̀ fún ọdún púpọ̀: dókítà ni kó kọ́kọ́ rí i, egbò ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi síńkì dá dúró. Bí wọ́n bá ní kó lo síńkì, hóró 20 ló wọ́n níwọ̀nba, ó sì ṣeé fọkàn tán. Kó bèèrè ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró kó tó kúrò ní yàrá dókítà.

Ìgò 50 wà fún ẹni tí dókítà rí i lára rẹ̀ pé síńkì dín, tí ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Hóró ojú wà fún ẹni tí dókítà ojú dárúkọ àìsàn rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú, tó sì ti ń lo ìgò síńkì èyíkéyìí fún oṣù púpọ̀, kó kó gbogbo wọn sínú báàgì, kó gbé wọn lọ sí kílíníìkì lọ́sẹ̀ yìí.

Ti màmá mi, dókítà wò wọ́n, ó yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò B12 àti bàbà. Àǹtí mi ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ bínú nígbà tí mo pè wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí pé kí ni kí wọ́n wá fi ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n ra sítíríìpù tí a fi ń yẹ ṣúgà wò, irú èyí tó bá ẹ̀rọ màmá mu. Òun ló máa ń tán nílé wa kí oṣù tó parí.